Má fi sáńpépà kan Colt àtijọ́: àwọn àṣìṣe tó ń ba ìbọn jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá òyìnbó tó ń tún ìbọn ṣe ní ìlú tí mò ń gbé ní Ohio bi mí ni pé, "Kí lo ti fi nù ún?" Wọn ò tíì béèrè orúkọ mi. Wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ mi sábẹ́ iná, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Sáńpépà ni mo fi nù ún. Ìpẹtà díẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, mo sì rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Colt 1903 ni ìbọn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Pocket Hammerless. John Browning ló ṣe ètò rẹ̀, ilé iṣẹ́ Colt sì rọ ọ́ ní Hartford, ìpínlẹ̀ Connecticut, láti 1903 títí di 1945. Ó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ tí wọ́n ṣe, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí aró àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ní Hartford, ìyẹn àwọ̀ dúdú ojú irin rẹ̀, ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ sábà máa ń sanwó jù lórí èyí tó gbó, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ju èyí tí wọ́n dán tó ń kọ mànà lọ. Ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fi ba èyí tó wà lára tèmi jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti aró, àṣìṣe kan wà tó lè pa ènìyàn. Òòlù ìbọn yìí, irin tó ń gbá kí ọta lè yìn, kò hàn síta. Inú ló fara pa mọ́ sí. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn títí, o ò lè mọ̀ bóyá ó ti wà ní gbígbé sókè. Àwọn kan á yọ ilé ọta (magazine) tó ń wọ inú èèkù kúrò, wọ́n á ní ìbọn ti ṣófo. Irọ́ ni. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí àárín ọdún 1920 sí 1930 kò ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti yìn nígbà tí ilé ọta kò bá sí nínú rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo tó bá kù ní ìdí ọ̀pá ìbọn á jáde bí o bá fa ohun tí wọ́n ń fi ìka fà yìn ín. Yọ ilé ọta, fa apá òkè ìbọn tó ń sún (slide) sẹ́yìn pátápátá, fi ojú wo ibi tí ọta ń jókòó sí, kí o sì ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́. Ṣe é nílé kí o tó dì í. Nígbà tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ìbọn ló wà nínú àpò kí o tó yọ ọ́ jáde.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dídán irin. Sáńpépà àti ẹ̀rọ tí ń dán irin kì í ṣe ìpẹtà nìkan ni wọ́n ń họ. Wọ́n á jẹ etí irin tó mú ṣáṣá títí á fi rí róbótó, wọ́n á sọ ẹnu ihò di kòtò, wọ́n á sì jẹ ìkọ̀wé lọ. Lápá òsì ọ̀pọ̀ Colt 1903, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ìlú Hartford wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìwé àṣẹ Browning: 20 April 1897 àti 22 December 1903. Ẹṣin kékeré kan tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró náà wà níbẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti tín-ín-rín, kò sí aró tó lè dá wọn padà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìbọn ní tirẹ̀, má tilẹ̀ jẹ́ kí pépà sún mọ́ ọn: lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìbọn tí wọ́n ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ tàbí tí wọ́n yí i padà wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Ohun tí bàbá náà kọ́ mi nípa ìpẹtà kò le. Ẹ fi òróró fẹ́lẹ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi etí kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà (penny) tí wọ́n ṣe ṣáájú 1982 họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbà ló pọ̀ jù nínú kọ́bọ̀ ìgbà náà, ó rọ̀ ju irin lọ, ìpẹtà ló máa ká, aró á dúró. Ẹ má fi kánjúkánjú ṣe é. Bí ìbọn náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi nickel bò, ẹ má rì í sínú oògùn ìfọbọn tó ní ammonia, nítorí ó lè jẹ bàbà tó wà lábẹ́ nickel náà, ìbòrí á sì máa ṣí.

Aró inú ìgò tí wọ́n ń fi aṣọ nù mọ́ irin tún jẹ́ ẹ̀tàn. Yóò rí dúdú lónìí, òógùn ọwọ́ á sì ṣí i. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á pa oògùn sí irin, á jẹ́ kó dípẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi tó lọ́rinrin, á sè é nínú omi tó mọ́, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, bí aláró ṣe ń ti aṣọ bọ ìkòkò léraléra kó tó mu. Àwọn kan ń ri irin sínú omi iyọ̀ gbígbóná, ó yá, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ kì í jọ ti Colt àtijọ́. Béèrè èyí tí ó fẹ́ lò kí o tó fọwọ́ sí i.

Nínú ìbọn, má fi fáìlì kan ibi tí òòlù ti ń so kọ́. Fẹ́lẹ́ ni ojú irin líle tó wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ, ìbọn lè yìn láìfà á, tàbí kó yìn léraléra. Sípíríǹgì tó ń dá apá òkè padà ni kí o ní kí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yìn ín: èyí tó ti rọ̀ á jẹ́ kí irin máa gbá irin títí á fi sán. Síkúrù méjì tó di èèkù mú, síkúrùdíráfà tó bá ojú wọn mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò.

Ní ti ìwé, má bínú bí alágbẹ̀dẹ bá béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ. Ẹni tó ń fi ìbọn títún ṣe jẹun ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ìbọn tó bá sì sùn mọ́ ọn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìwé rẹ̀. Àwọn ará wa kan rò pé ìbọn tó ti gbó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1899 ni òfin àpapọ̀ ń pè ní ohun àtijọ́. Colt 1903 kò sí lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú ẹrù lọ sílé láti fún bùọ̀dá tàbí àbúrò bàbá yín. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń fi akọ òkúta yìn.

Gbólóhùn tó léwu jù lẹ́nu oníbàárà ni "Ẹ sọ ọ́ di tuntun fún mi." Ya fọ́tò rẹ̀ tọ̀tún tòsì, kọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe àti ohun tí o ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn, kí o sì ní kó dá gbogbo ohun tó bá yọ padà fún ọ. Èmi ò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Bàbá náà ló kọ ọ́ fún mi. Wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì, wọ́n dá ìpẹtà dúró, wọ́n sì fi ojú funfun tí sáńpépà mi dá síbẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òróró ni mo ń fi pa á lóṣooṣù kó má baà tún dípẹtà.