Ẹ Ka Ẹ̀gbẹ́ Táyà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé tó ń gbé Àbújá, tí oko wọn wà ní Kuje, Kwali, Abaji, Gwagwalada àti Bwari

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ní ká kọ ìwé yìí, lẹ́yìn tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ lójú ọ̀nà Lokoja, tí ẹrù iṣu sì fọ́n ká sójú títì. Ọlọ́run yọ awakọ̀ àti àwọn tó jókòó tì í. Iṣu ni kò yọ. Nígbà tí wọ́n yẹ táyà náà wò, eyín rẹ̀ ṣì ga dáadáa, ẹni tó rà á sì ń búra pé òun kò tíì lò ó tó oṣù mẹ́fà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n 1116 ni nọ́ḿbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà: ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n ti ṣe é.

A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tó ń bí wa nínú ni ẹni tó máa dé ìsọ̀, tó máa fi àtàǹpàkò tẹ eyín táyà, tó máa ní “eléyìí ṣì le”, tó máa nájà, tó máa sanwó, tó sì máa gbé e lọ láì ka nọ́ḿbà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹni yìí kan náà kò jẹ́ gbé àpò ajílẹ̀ láì wò ó bóyá 15-15-15 ni tàbí 20-10-10. Táyà náà ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ó sì ṣeé kà.

Ọjọ́ orí táyà

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́tà àti nọ́ḿbà yóò tò tẹ̀lé e. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ẹ ń wá. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 3524 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2024, ìyẹn ìparí oṣù kẹjọ. Bí nọ́ḿbà ìkẹyìn bá jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ má bá wọn nájà rárá: kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é.

Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ḿbà yìí máa ń wà. Bí táyà bá ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ kà á. Aṣọ tó bá dọ̀tí ṣeé fọ̀.

Ọdún 4 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń kà fún táyà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Táyà tó ti jókòó sí ìsọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọdún kan ló kù fún un, bó tiẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. A mọ̀ pé àwọn ará òkè òkun ń lò ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n wá kó ẹrù gba ojú ọ̀dà Kaduna lọ́sàn-án oṣù kẹta ná.

Láti ìgbà tí Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé táyà wa wá. Oṣù díẹ̀ lórí táyà tuntun kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń tà á. Ìlànà tiwa ni pé bó bá ti lé ní oṣù 12, kí ẹ ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Bó bá ti lé ní oṣù 18, ẹ kúrò níbẹ̀, ìsọ̀ pọ̀ ní Zuba, ní Apo àti ní Kugbo.

Ẹ óò ní tòkunbọ̀ lagbára yín ká. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó àpẹẹrẹ nìyí, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín sí ipò rẹ̀. Táyà tuntun ₦90,000, tí wọ́n ṣe ní oṣù 6 sẹ́yìn: oṣù 42 ló kù lára rẹ̀, ₦2,143 loṣooṣù. Tòkunbọ̀ ₦35,000, tó ti pé ọdún 3: oṣù 12 ló kù, ₦2,917 loṣooṣù. Èwo ló wá wọ́n jù níbẹ̀? Ká má tíì sọ ti ẹrù tó máa dà nù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé táyà àlòkù wà lára ohun tí ìjọba kà léèwọ̀ láti kó wọlé; àwọn táyà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú wọn ṣe, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 11.00 x 20 sókè, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Bí tòkunbọ̀ bá já yín kulẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ máa dá a padà fún.

Síbẹ̀ àwọn kan á rà á. Ó dáa, ẹ wo àárín eyín rẹ̀. Róbà kékeré kan wà níbẹ̀ tó dábùú láti eyín kan dé èkejì, gíga rẹ̀ kò ju mílímítà 1.6 lọ. Bí eyín bá ti jẹ dé ibẹ̀, táyà ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sára táyà tó ti kú, wọ́n á wá fi nǹkan pa á lára kó máa dán. Ẹ ti ìka bọ àárín eyín, ẹ wá róbà ìdábùú yẹn. Bí àárín eyín bá jìn ṣùgbọ́n tí ìdábùú ti gé já, tàbí tí ẹ kò rí i níbikíbi, wọ́n ti gbẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta díẹ̀ pẹ̀lú: bó bá la tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ní àwòrán òkè onísonsó mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí yìnyín ń bọ́ sí ojú ọ̀nà wọn. Róbà tó rọ̀ torí òtútù kì í pẹ́ jẹ tán lórí ọ̀dà tiwa.

Ẹrù tó lè gbé

Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, bíi 215/65R16, nọ́ḿbà kan àti lẹ́tà kan wà: 96T, 98H. Nọ́ḿbà yẹn ló ń sọ ẹrù tí táyà kan ṣoṣo lè gbé. 91 jẹ́ kílò 615. 95 jẹ́ 690. 96 jẹ́ 710. 98 jẹ́ 750. 102 jẹ́ 850. 106 jẹ́ 950. 112 jẹ́ 1,120. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ẹ wo Sienna, tó ti di ọkọ̀ oko fún ìdajì nínú wa. Bí táyà rẹ̀ bá jẹ́ 96, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ lè gbé kílò 2,840. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 1,900. Awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀, 150. Àpò àgbàdo oníkílò 100 mẹ́jọ, 800. Ó di 2,850. Ẹ ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹrù náà kò pín dọ́gba sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yìn ni ó jókòó sí. Àpò mẹ́rin ni ìwọ̀n tiyín. Kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sọ pé epo bẹntiróòlù ti wọ́n, a gbọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi owó epo wé owó táyà méjì àti àpò mẹ́jọ tó dà sínú gọ́tà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí òun bá fi táyà 102 sí Sienna, ó ti di akẹ́rù. Sípíríǹgì rẹ̀ kò yí padà, bíréèkì rẹ̀ kò yí padà.

Fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, táyà tó ní C lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ rà, bíi 185R14C 102/100 tàbí 195R15C 106/104, tàbí èyí tó ní LT níwájú ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ḿbà kejì, lẹ́yìn ìlà dídagun, wà fún ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ́ méjì méjì lẹ́yìn; bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà. Ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa nìyí: táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà tó lè wọ rímù kan náà, owó rẹ̀ sì kéré. Ó wọ rímù lóòótọ́. Ẹrù ni kò lè gbé.

Ẹni tó ń lo Corolla, tí oko rẹ̀ kò jìn sí títì, kò nílò táyà igbó. Bó bá rí 195/65R15 tó jẹ́ 95 dípò 91, tí wọ́n kọ XL tàbí EXTRA LOAD sí lára, kí ó gbé e. Owó orí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀dà mélòó, yangì mélòó?

Kí ẹ tó sọ pé táyà igbó lẹ fẹ́, ẹ wọn ọ̀nà oko yín. Ẹ wo kìlómítà tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá kúrò nílé, ẹ tún wò ó níbi tí ọ̀dà ti parí, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá dé oko. Nínú gbogbo kìlómítà mẹ́wàá, bí èyí tí kò ní ọ̀dà kò bá ju méjì lọ, táyà ojú títì, èyí tí wọ́n kọ H/T sí lára tàbí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, ló tó yín. Bó bá jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ ra A/T, táyà tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti yangì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé Kubwa tàbí Lugbe tó ń dáko ní Abaji yóò rí i pé ọ̀dà ló pọ̀ jù nínú ìrìn wọn, tí yangì kò ju ìwọ̀nba tó wà lẹ́yìn abúlé lọ. Owó A/T ṣì lè tọ́ sí wọn bí ọ̀nà ìwọ̀nba yẹn bá ń di ẹrẹ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà yín.

M/T, táyà ẹrẹ̀, ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀ torí ó ń mú jíìpù dà bí akọni. Ó dára nínú àbàtà. Lórí ọ̀dà ó ń pariwo, ó ń jẹ epo, eyín rẹ̀ ń yára jẹ, bí òjò bá sì rọ̀, kì í tètè dúró tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá ń wọ fàdámà lójoojúmọ́ ni kó rà á. Àwọn yòókù, ẹ fi owó yẹn ra irúgbìn.

Ẹ má ṣe ra èyí tó tóbi ju ìwọ̀n tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà méjì tó wà lórí ìlà kan náà, níwájú tàbí lẹ́yìn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan àti irú kan. Bí owó bá ká méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi méjì tuntun sí.

Afẹ́fẹ́

Ìwé kan náà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn ló ń sọ iye afẹ́fẹ́. Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ MAX PRESS sí lára táyà, 44 PSI tàbí 51 PSI, kì í ṣe iye tí ẹ máa fún un, òpin ni. Àwọn fọ́kanáísà kan máa ń ka ìyẹn, wọ́n á fún un títí táyà á fi le gbagidi. Ẹ ra géèjì tiyín, ẹ máa wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó rìn ju kìlómítà 3 lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù. Táyà XL ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ga díẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀.

Bí ọkọ̀ bá rì sínú iyanrìn, ẹ dín in kù sí 20 PSI, ẹ má sáré ju kìlómítà 25 ní wákàtí kan lọ, kí ẹ sì fún un padà kí táyà tó kan ọ̀dà. Ẹ máa gbé pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná ọkọ̀ dání, èyí tí ẹ lè ki bọ ihò tí ẹ ń ki ṣájà fóònù bọ̀. Ẹni tí kò bá ní pọ́ǹpù, kó má dín afẹ́fẹ́ kankan kù. Ìrìn kìlómítà mẹ́wàá lórí ọ̀dà pẹ̀lú 20 PSI àti ẹrù lẹ́yìn ti tó láti ba táyà tuntun jẹ́.

Kùkùté ọkà bàbà

Lẹ́yìn ìkórè, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi àdá gé ọkà bàbà dágun, kùkùté rẹ̀ á sì dúró ṣóńṣó láàárín ebè. Bí ọkọ̀ bá yà sínú oko láti kó ẹrù, kì í ṣe ojú táyà ni kùkùté yìí ń gún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé lẹ̀. Fọ́kanáísà tó bá ní òun lè lẹ̀ ẹ́ ń purọ́ fún yín, tàbí kò mọ̀. Èyí tó bá sì wú kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kódà bó bá jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ rà á. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ máa gbà, tàbí kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí oko kí wọ́n rù ú wá.

Táyà àpamọ́ náà ní ọjọ́ orí. Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín látìgbà tí ẹ ti ra ọkọ̀ ń gbó síbẹ̀, ẹ lọ ka DOT rẹ̀ lónìí.

Àwọn tó ti kú, ẹ má kó wọn jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Omi òjò tó bá dúró nínú wọn ni ẹ̀fọn fi ń ṣe ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbin ewébẹ̀ tàbí fi dí ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ lu ihò mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà sun ewúrẹ́ tàbí pọ̀nmọ́ nílé yín, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Igi ni kí wọ́n fi sun ún.