Bí mo ṣe tọ́jú kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ní ilé ìwé kan ní Kàbà kí sáà kejì tó wọlé

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló wà nílẹ̀: mẹ́jọ jẹ́ ti orí tábìlì, mẹ́ta jẹ́ láptọ́ọ̀pù. Mẹ́rin wà ní ọ́fíìsì, ìyẹn ti ọ̀gá ilé ìwé, ti bọ́sà, ti akọ̀wé àti ti olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánwò. Yàrá kọ̀ǹpútà ni ìyókù wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà nínú ìsinmi Kérésìmesì, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí eruku pupa ti bo fèrèsé. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ilé ìwé pọ̀ láti Kàbà dé Ìsánlú, dé Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n ní irú ẹ̀rọ wọ̀nyí láìsí ẹnì kan tí ìtọ́jú wọn já lé léjìká.

Èsì ìdánwò ni mo kọ́kọ́ kó. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì kankan kí ẹ tó ṣe èyí, torí ẹ̀rọ tó ti gbó lè máa ṣiṣẹ́ lónìí, kí ẹ pa á láti gbọn eruku rẹ̀, kó má sì tàn mọ́. Desktop àti Documents nìkan kọ́ ni mo wò. Mo wọ C:\Users, mo ṣí fódà olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan ti àwọn tí wọ́n ti gbé lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ibẹ̀ ni máàkì sáà méjì wà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Mo kó èsì, àkọsílẹ̀ owó ilé ìwé, àti fọ́tò àwọn ọmọ tó máa ṣe WAEC àti NECO sórí hard disk òde méjì, mo sì fi ọjọ́ sí orúkọ fódà náà. Lẹ́yìn náà mo gbé disk lọ sí ẹ̀rọ mìíràn, mo ṣí fáìlì márùn-ún níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 0 KB, orúkọ lásán ni. Bí mi ò bá ṣí i, ǹ bá rò pé ó ti wà níbi ààbò.

Disk kan wọ kọ́bọ́ọ̀dù irin ọ̀gá, èkejì kúrò nínú ọgbà ilé ìwé pátápátá. Méjèèjì kì í wà lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá ti kó nǹkan sí i tán, nítorí báìrọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti gba owó máa ń ti gbogbo ohun tó bá rí lára ẹ̀rọ pa. Mo fi BitLocker, ohun ìtìpa tó wà nínú Windows Pro, ti èyí tó ń jáde lọ síta. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 sì béèrè pé kí ẹni tó kó irú rẹ̀ pamọ́ ṣọ́ ọ.

Eruku ló kàn. Mo gbé àwọn ẹ̀rọ jáde sí fàráńdà, mo yọ wáyà iná kúrò, mo sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ní àsìkò ọyẹ́, ara ènìyàn máa ń kó iná tí a kì í rí, irú èyí tó máa ń ta pọ́ọ́ nígbà tí a bá bọ́ súwẹ́tà. Ó tó láti ba RAM, ìyẹn ibi ìrántí ẹ̀rọ, jẹ́. Nítorí náà mo ń fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ náà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Blower iná ni mo lò, ní ìwọ̀n fíìtì kan sí i, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun fún ibi tí eruku ti di mọ́. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà o! Omi àti òróró máa ń bá atẹ́gùn pọ́ǹpù yẹn jáde. Ẹ fi bírò di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, torí tí ó bá ń yí ju agbára rẹ̀ lọ, bíárì (bearing) rẹ̀ á jẹ, ó sì lè da iná padà sínú bọ́ọ̀dù (motherboard). Nínú ẹ̀rọ kan, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé dí ihò USB méjì pa. Nínú òmíràn, ẹyin ọmọńlé méjì wà lábẹ́ fáànù.

Méjì nínú àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń kú fúnra wọn lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú. Ooru ni. Òdà eérú tó wà láàárín processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, àti irin tó ń fa ooru rẹ̀ ti gbẹ bí ẹfun. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òdà náà rọ̀, mo pa á, mo yí irin náà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí n tó gbé e. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ẹni tó bá fà á sókè ṣáá lè fa processor yọ pẹ̀lú rẹ̀, kí eyín rẹ̀ sì wọ́. Mo fi isopropyl alcohol nu ti àtijọ́ kúrò, mo kán tuntun sí àárín, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan lọ. Tó bá pọ̀ jù, ṣe ló máa ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni irin náà ní, igun tó kọjú síra ni kí ẹ máa tẹ̀ tẹ̀lé ara wọn títí yóò fi dún kó.

Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré orí bọ́ọ̀dù, CR2032, kò tóbi ju kọ́ìnì lọ, ṣùgbọ́n ìyọnu tó ń fà pọ̀. Vóòtì 3 ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí mítà bá kà sí ìsàlẹ̀ 2.8 ni mo pààrọ̀, márùn-ún sì ni. Bó bá ti kú, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń fi hàn á padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Àwọn olùkọ́ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, torí Chrome ń kìlọ̀ pé ojú òpó kan kò ní ààbò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ni kò tọ̀nà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ olùkọ́ ìdánwò ń fi 2012 sí èsì tí wọ́n tẹ̀ ní oṣù tó kọjá, kò wá sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àtúnṣe ìkẹyìn nínú fáìlì mẹ́ta tí orúkọ wọn jọra.

Báìrọ́ọ̀sì fíláàṣì ló gba ọjọ́ kejì mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, gbogbo fódà di shortcut. Fáìlì kò sọnù, báìrọ́ọ̀sì náà fi wọ́n pamọ́ ni, ó sì gbé àwòrán fódà síwájú yín tó jẹ́ pé òun gan-an ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣí fódà tòótọ́ kí ẹ má bàa fura. Àwọn olùkọ́ máa ń fọ fíláàṣì, wọ́n á tún kì í bọ ẹ̀rọ kan náà, á sì tún padà dé. Ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀. Nínú Windows Security, mo tẹ Virus & threat protection, Scan options, mo sì yan Microsoft Defender Offline. Ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á tún tàn, á sì yẹ ara rẹ̀ wò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Windows tó jí, kí báìrọ́ọ̀sì tó ráyè sá pamọ́. Ìgbà tí ìyẹn parí ni mo tó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, mo yẹ òun náà wò, mo pa àwọn shortcut rẹ́, mo ṣí Command Prompt, mo sì tẹ èyí, níbi tí E jẹ́ lẹ́tà fíláàṣì náà:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fódà gbogbo yọjú padà. Mo wá lọ sí View nínú File Explorer, mo tan File name extensions àti Hidden items, kí olùkọ́ lè rí i pé ohun tó pe ara rẹ̀ ní fódà ní .exe nídìí, tàbí pé Shortcut ni wọ́n kọ sí abẹ́ Type rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí Defender, ọlọ́dẹ báìrọ́ọ̀sì inú Windows, ń sọ pé kò sí nǹkan kan, tí báìrọ́ọ̀sì sì kún inú rẹ̀. Mo ṣí Exclusions, mo bá C:\ níbẹ̀: ẹnì kan ti sọ fún Defender pé kó má wo gbogbo disk náà. Ẹni tó wá fi Office tí wọn ò rà sí i ló ṣe é, torí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń jí Office ṣí kì í ṣiṣẹ́ bí Defender bá ń ṣọ́nà. Mo yọ àṣẹ yẹn àti Office náà kúrò, mo fi LibreOffice sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣí fáìlì Excel tí wọ́n fi ń ṣírò máàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo Exclusions lórí ẹ̀rọ yín lónìí.

Méje nínú àwọn ẹ̀rọ ló wà lórí Windows 10, tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 kò gbà wọ́n: ó ń fẹ́ TPM 2.0, ẹ̀yà tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ nínú ẹ̀rọ, tí ẹ bá sì ń lo processor Intel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Defender ṣì máa gba àfikún lórí Windows 10 títí di oṣù kẹwàá 2028, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò tó bá wà lára Windows fúnra rẹ̀. Ìpinnu tí èmi àti ọ̀gá ilé ìwé jọ ṣe ni pé kí méjèèje wà ní yàrá kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin tó gba Windows 11 ló wà ní ọ́fíìsì, orí wọn nìkan sì ni wọ́n ti ń ṣí ímeèlì àti ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Fún àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo gba mpam-fe.exe láti ojú òpó Microsoft, mo fi fíláàṣì tó mọ́ gbé e kiri. Òun ni Defender fi ń mọ báìrọ́ọ̀sì tuntun. Fún mẹ́rin ọ́fíìsì, mo tan Delivery Optimization sí Devices on my local network, kí ọ̀kan lè máa fún ìyókù ní ohun tó bá ti gbà. Dátà fóònù ni ilé ìwé ń lò, kò yẹ ká ra nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Pásíwọ́ọ̀dù 1234 ni wọ́n fi bébà lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ bọ́sà. Ní báyìí, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, Standard, tí agbára rẹ̀ ní ààlà, ni gbogbo wọn. Administrator, tó lè yí ìṣètò ẹ̀rọ padà, ẹyọ kan ló wà, kò sì sẹ́ni tó ń fi í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni mo ní kí wọ́n so pọ̀, irú bí igbako-osupa-keke-alubosa. Kì í ṣe èyí tí mo kọ síbí o. Orúkọ ìlú tàbí ọdún tí wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ kò dára, ọmọ JSS1 lè mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá dìde, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì Windows àti L kí ẹ̀rọ lè tì.

Nọ́ńbà tó wà lórí ímeèlì ilé ìwé jẹ́ ti olùkọ́ kan tó ti kúrò. Bí síìmù yẹn bá pẹ́ láìlò, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù ilé ìwé á sì máa wọlé sọ́dọ̀ àlejò. Mo fi nọ́ńbà ọ́fíìsì rọ́pò rẹ̀, mo tan 2-Step Verification, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, mo tẹ kóòdù mẹ́wàá tí Google ń fúnni fún ọjọ́ ìdààmú sórí bébà, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù irin. Mo sì bá akọ̀wé sọ ọ́ lójúkojú: "Màmá, ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé kí ẹ ka kóòdù tó wọ fóònù yín fún òun, kódà tó bá ní òun ń pè láti ọ́fíìsì ìdánwò, ẹ pa fóònù yẹn."

Ní ti iná, mo yọ prínta léésà kúrò lára UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ, torí ooru tó fi ń tẹ̀wé máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dán UPS kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: èyí tí kò lè gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bátìrì rẹ̀ ti lọ. Méjì ni, vóòtì 12, 7Ah, mo sì pààrọ̀ wọn. Tí iná ọba bá dé, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó ki wáyà bọ ògiri. Tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà òjò àkọ́rọ̀, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe ti iná nìkan.

Ẹ̀rọ kẹjọ nìkan ni mi ò dá padà sórí tábìlì. Hard disk rẹ̀ ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera disk wò, sì kọ Caution (ẹ ṣọ́ra) sí i. Mi ò ṣe chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń wá ibi tó bàjẹ́ lára disk, lórí rẹ̀ rárá, torí kíkà látòkè délẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa disk tó ti ń kú lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wà lórí disk méjèèjì láti ọjọ́ kìíní. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé ìtọ́jú tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà. SSD 240GB, irú disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni mo ní kí bọ́sà rà fún un kí wọ́n tó wọlé.