Bí mo ṣe ń fi fóònù ròyìn ara Màámi fún dókítà

Àwọn tó ní òbí tí kíndìnrín ń dà láàmú ti ń bi mí bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí.

Àìsàn kíndìnrín Màámi wà ní ìpele kẹrin nínú márùn-ún, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la wà, lápá Tákíè, dókítà kíndìnrín wọn wà n'Íbàdàn, ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ yẹn rí á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń gbé àgbàlagbà gbà torí kí wọ́n kàn lè bi í pé báwo lara. Ni ọsibítù bá ní ká máa fi fọ́ọ̀mù kan lórí fóònù ròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ ò le: ìrora, èémí, àárẹ̀, èébì, oúnjẹ tí ò wọlé, ara yíyún, ẹsẹ̀ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ lóru, oorun, kẹ́ ẹ wá mú nọ́ńbà láti 0 dé 4. 0 ni pé kò yọ wọ́n lẹ́nu rárá, 4 ni pé kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn nǹkan kan mọ́.

Ẹnu Màámi ló le. Ẹ ní ṣé ara ń yún yín, wọ́n á ní adúpẹ́. Ẹ ní ṣé ó ń rẹ̀ yín, adúpẹ́ náà ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé ẹnu wọn, 0 ni látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú èékánná hàn kedere lápá wọn.

Torí náà mi ò kí ń ka ìbéèrè yẹn sí wọn létí, ohun tí wọ́n ṣe ni mò ń bi wọ́n. Mo ní, "Mà, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi sùn lánàá?" torí ẹni tó bá ń to ìrọ̀rí jọ kó tó lè mí, omi lè ti máa wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Mo ní sálúbàtà yín ńkọ́, ṣé ó wọ̀ yín láàárọ̀? Wọ́n ní ti Bàámi làwọn wọ́ lọ sí balùwẹ̀, tàwọn ti há. Mo bá kúnlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn lókè ọrùn ẹsẹ̀, mo dúró díẹ̀ kí n tó yọ ọwọ́, ojú ìka mi wà níbẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ àmàlà láfún. Mo ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ti ara yíyún, ọmọ mi tó ń sùn tì wọ́n ni mo bi, òun ló tú àṣírí pé Màmá máa ń fi kóòmù yún ẹ̀yìn lóru, mo tẹ 3.

Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán tí wọn ò tíì jẹun, wọ́n á gun síkéèlì, orí sìmẹ́ńtì ni mò ń gbé e sí o, kì í ṣe orí rọ́ọ̀gì. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà tí kílò bá ṣàdédé fò sókè láàárín ọjọ́ méjì, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. BP (ìfúnpá) náà, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ nílẹ̀, láìsọ̀rọ̀ (Màámi kẹ̀!).

Oògùn tuntun ńkọ́? Ìyẹn, báàgì wọn ni mo tú. Mo bá ibuprofen, oògùn ìrora, níbẹ̀, ẹnì kan ló fún wọn torí orúnkún, bẹ́ẹ̀ òun àti diclofenac tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, ọ̀tá kíndìnrín ni wọ́n. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo kọ àgbo tí mo rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì pè lọ́jọ́ kejì: "Màmá, ẹ kúulé o, wọ́n ní ẹsẹ̀ yín wú." Màámi yíjú sí mi, "O ti lọ fẹjọ́ mi sùn!" Dókítà yí oògùn tó ń fa omi jáde padà, ó ní ká yẹ potassium (èròjà kan bí iyọ̀) wò nínú ẹ̀jẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ti ṣe é, mo ya èsì, mo fi ránṣẹ́.

Àmọ́ o, ẹnikẹ́ni ò jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn lóru. Tí wọn ò bá lè mí, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ìtọ̀ ò jáde mọ́ tàbí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí ò yé èèyàn, mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá, ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù lẹ máa gbé wọn lọ, fọ́ọ̀mù lè dúró.