Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Lílo Géèmù àti Fídíò fún Ìpolówó Ọjà àti Ìgbanisíṣẹ́

Àṣìṣe tí ó máa ń bí àwọn yòókù ni pé ilé-iṣẹ́ á ti háyà àwọn tó ń ṣe géèmù kí àwọn aláṣẹ rẹ̀ tó jókòó pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó bá gbá géèmù náà mọ̀. Wọn a ṣe eré tó dùn, wọn a lẹ àmì ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn, wọn a sì máa retí èrò. Eré ni àwọn èèyàn á rántí, wọn kò ní rántí ẹni tó ni ín.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Marriott gbé géèmù ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ sórí Facebook ní ọdún 2011, inú ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n gbé e kà: ẹni tó ń gbá a ni yóò ra èlò oúnjẹ, tí yóò gba òṣìṣẹ́, tí yóò sì máa bójú tó bí oúnjẹ ṣe ń jáde. Ní ọdún 2004, Google gbé pátákó kan sẹ́bàá títì ní California láti fi wá òṣìṣẹ́, láìkọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìbéèrè ìṣirò ló wà níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ni àdírẹ́sì ìkànnì tó kàn. Ẹni tí ìṣirò kò wù á kọjá lọ.

Èyí tí ó burú jù, lójú tèmi, ni kí a fi máàkì géèmù díwọ̀n ohun tí géèmù náà kò dán wò. Ẹ wo irú èyí tí a lè ṣe fún àwọn tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn: oníbàárà kan ń pariwo nínú fídíò, ìdáhùn mẹ́ta jáde lábẹ́ rẹ̀, aago sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹni tó fara balẹ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pàdánù máàkì, ẹni tó tẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà sì lè gòkè. Sùúrù ni iṣẹ́ ń fẹ́, ìkánjú ni géèmù ń san ẹ̀san fún. Kí a tó fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ já olùwáṣẹ́ kankan sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kó kọ́kọ́ gbá a; bí àwọn gan-an bá fìdí rẹmi, géèmù ló ní àléébù.

Ẹ má ṣe fi eré bo ìnira iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé géèmù America's Army jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2002 láti fi fa àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì tì í pa ní 2022. Ó gbajúmọ̀ gan-an, síbẹ̀ àwọn alátakò fẹ̀sùn kàn án pé ó sọ ogun di eré.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ má ṣe so gbogbo iṣẹ́ yín mọ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró ní ìparí ọdún 2020 fún Flash, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù àti fídíò sórí ìkànnì, àwọn géèmù tí a fi ṣe ìpolówó lórí rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ohùn tó bá ń dún fúnra rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á, kí àwòrán kankan má sì ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ó lè dá wárápá sílẹ̀. Kí ọ̀nà mìíràn sì wà láti wáṣẹ́ náà fún ẹni tí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbá géèmù, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an, kì í ṣe sábẹ́ àwọn òfin tí ẹnikẹ́ni kì í kà.