Bí A Ṣe Ń Lé Afẹ́fẹ́ Jáde Nínú Bíréèkì Hilux Oko Tó Ń Ṣagídí

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux kó iṣu, gbágùúdá tàbí kòkó jáde láti oko. Àdánù àsìkò ìkórè tó kọjá ló bí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bíréèkì Hilux kan tán ni, ẹrù kún un, awakọ̀ tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì mú. Ẹ̀mí ò bọ́, ṣùgbọ́n iṣu ọdún kan ṣòfò. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ ní òkè Ẹfọ̀n-Aláayè tàbí ní Ìdànrè pẹ̀lú ẹrù mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń dán bíréèkì wò.

A ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń yọ táyà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń bá pàdé lemọ́lemọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: wọ́n á fi jáàkì gbé ṣáṣì ọkọ̀, irin gígùn tó gbé gbogbo ara rẹ̀, sókè, áásù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, á máa rọ̀ dirodiro, wọ́n á wá máa lé afẹ́fẹ́ tó wọnú ọ̀nà ọ́ìlì, tí kì í jẹ́ kí pẹ́dà le, jáde lára bíréèkì. Ilẹ̀ á ṣú bá wọn, pẹ́dà á ṣì máa rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ iyán gbígbóná. Wọ́n á ní máásítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì kí ọ́ìlì lè lọ sí ẹsẹ̀ táyà, ló bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Máásítà ò ṣẹ̀ wọ́n.

Fáàfù tó ń wo ẹrù

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Lókè áásù ẹ̀yìn, lára ṣáṣì, ẹ ó rí fáàfù irin kan tí paípù bíréèkì wọnú rẹ̀, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó mọ́ áásù. Hilux àtijọ́ tí kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì) ló sábà máa ń ní in, àti ọ̀pọ̀ Land Cruiser àtijọ́. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, fáàfù yìí á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú gan-an. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á dín agbára ẹ̀yìn kù kí táyà má baà há. Nígbà tí ẹ bá fi jáàkì gbé ṣáṣì, tí áásù sì rọ̀ sílẹ̀, ohun tí fáàfù rí ni pé kò sí ẹrù rárá. Á fún ọ̀nà ọ́ìlì pa, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ní láti wà nílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, abẹ́ áásù ni kí ẹ ti gbé e, kì í ṣe abẹ́ ṣáṣì. Ẹ padà ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì kà á sétí mẹkáníìkì yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó àpò símẹ́ńtì mẹ́rin, ìyẹn 200 kilo, sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àpò àgbàdo tó bá tó ìwọ̀n yẹn náà dára.

Ọ̀pọ̀ fáàfù yìí ló ní nípù tirẹ̀, nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde, bíi ti ẹsẹ̀ táyà. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ oko ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti dà bí ara irin fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí nọ́ọ̀tì á fi yọjú. Ẹ fi ọwọ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sókè sódò. Bí kò bá mì, ẹ fọ̀n ọ́ìlì sí oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì máa mì í títí á fi rọ̀. Ẹ má fi wáyà so ó pa. A ti rí èyí tí wọ́n fi okùn àpò so, ọkọ̀ náà sì ń gbé ọmọ ilé ìwé ní òwúrọ̀. Kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ewé sípírínì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó lè gbẹ́rù sí i, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ kó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ sí i, fáàfù á ṣì máa ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ṣófo, bíréèkì iwájú nìkan á sì máa jìyà. Tọ́ọ̀nù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Hilux fún. Bí ẹ kò bá ní yọ sípírínì yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gbé ìdè ọ̀pá náà sókè ní ìwọ̀n tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ga. Lílé afẹ́fẹ́ nìkan ò lè wo èyí sàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì

Ẹ ra lítà kan ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4, èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Èyí tó ṣẹ́kù sínú ike láti ọdún tó kọjá ti fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ má lò ó. DOT 3 tuntun kì í hó títí á fi dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè hó ní 140°C, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan pẹ̀lú ẹrù sì lè mú un dé ibẹ̀. DOT 5 jẹ́ ohun mìíràn pátápátá, kì í pò pọ̀ mọ́ méjèèjì. Ọ́ìlì gíà pupa, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti omi ọṣẹ kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì, bó ti wù kí oko jìnnà tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti da ọ́ìlì gíà sí i rí, gbogbo róbà inú bíréèkì á ti wú. Ẹ pààrọ̀ wọn láti máásítà títí dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fọ paípù. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣe líníìnì ẹ̀yìn, ohun tó ń fún táyà dúró, kó súnmọ́ dírọ́ọ̀mù, ìkòkò irin tó bò ó. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó wà láàárín líníìnì títí táyà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà ní eyín bíi 8. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí wọ́n ń pè ní alafẹ́fẹ́, líníìnì tó jìnnà sí dírọ́ọ̀mù ni.

Nípù tó ti dípẹtà, ẹ fọ̀n ọ́ìlì apadípẹtà sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní òwúrọ̀, ẹ fi òòlù kékeré kàn án lórí jẹ́jẹ́, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì fi sípánà olórí róbótó tú u. Sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí á bó etí rẹ̀, á sì di wàhálà.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹni méjì ni. Ẹ fi igi tó nípọn 5 sẹ̀ntímítà sí abẹ́ pẹ́dà kí ó má baà kanlẹ̀. Máásítà tó ti lò pẹ́, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ débi tí kò dé rí, ìpẹtà inú rẹ̀ á gé róbà rẹ̀. Ẹ ki róbà funfun tó mọ́ gaara, tí gígùn rẹ̀ tó 60 sẹ̀ntímítà, sí orí nípù, kí ẹ sì ri ẹnu kejì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì tuntun tó 3 sẹ̀ntímítà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà fáàfù ẹrù, kí ẹ tó wá sí iwájú ọ̀tún àti iwájú òsì. Ẹ parí rẹ̀ sí fáàfù ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni tó wà lórí ìjókòó á tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́, kó pé ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó dé orí igi, á sì dúró síbẹ̀. Á ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá." Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á tú nípù ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, afẹ́fẹ́ á hó gúdúgúdú nínú ìgò, á sì dì í padà. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ní, "Fi sílẹ̀." Ẹni òkè á gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, á sì dúró ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò nígbà tí nípù ṣì wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ti padà wọlé nìyẹn, ẹ sì ti ṣiṣẹ́ lásán.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fìrì-fìrì-fìrì bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́gbà mẹkáníìkì. Kíkánjú yẹn ló ń fọ́ afẹ́fẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́, ọ́ìlì á funfun bí omi ọṣẹ, wẹ́wẹ́ yẹn kì í sì fẹ́ jáde. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìtẹ̀ 5, ẹ wo ike ọ́ìlì orí máásítà, kí ẹ sì kún un. Bí ó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ kò bá rí ìhó kankan mọ́ nínú róbà funfun, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí i kí ẹ tó kúrò ní ẹsẹ̀ yẹn. Ọ́ìlì tó jáde kò gbọ́dọ̀ padà sínú ike, ì báà mọ́ bí omi orísun.

Bí ó bá ṣì ń rọ̀

Ẹ wo kálípà iwájú, irin tó ń fún bíréèkì iwájú pọ̀. Nípù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, wọ́n ti gbé ti ọ̀tún sí òsì, afẹ́fẹ́ á sì wà lókè títí ayé, kò ní jáde.

Bí máásítà bá jẹ́ tuntun, ṣé wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lórí tábìlì kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀? Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tú u kí ẹ ṣe é.

Ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, kí ẹ fi igi tì í mọ́ ìjókòó títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wẹ́wẹ́ afẹ́fẹ́ máa ń gòkè wá bẹ́ẹ̀. Ẹ tú igi náà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì tún lé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ó le lákọ̀ọ́kọ́, tí ó wá ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, tí ọ́ìlì kò sì jò síta, róbà máásítà ló ti lọ. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó náwó lé e.

Hilux tó ní ABS lè há afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ ABS fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè sún ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lábúlé.

Dídán an wò, àti ti ilé

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó wà ní pípa, ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní 10 kilomítà ní wákàtí, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 40. Ẹ kó ìdajì ẹrù, ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ tí ìyẹn bá gbà ni kí ẹ tó gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gíà kejì ni kí ẹ sì fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ike ọ́ìlì. Lẹ́yìn ọdún 2, ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì náà.

Ọ́ìlì bíréèkì á bó ọ̀dà ọkọ̀ bí ó bá kán sí i, ẹ tètè fi omi fọ̀ ọ́. Bó bá kán sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ojú fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Májèlé ni fún ọmọdé. Ẹ má rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ìgò omi tàbí ti ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì má gbé e sí ilé ìdáná. Èyí tó ti gbó, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e fún mẹkáníìkì pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti gbó. Kò gbọ́dọ̀ dé etí kànga.