Bí mo ṣe fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, tí ẹnìkan bá ní kí n wá fa íntánẹ́ẹ̀tì fún òun, n kì í bi í pé èwo ló fẹ́. Èwo ló dé àdúgbò rẹ̀ ni mo máa ń bi í. Ohun tí mo bi àǹtí mi náà nìyẹn. Iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì àti fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe ní Under G, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH.

"Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà," ni wọ́n dá mi lóhùn, "èyí tó bá yá ni kó o bá mi fà."

Èyí tó yá l'Ékòó lè máà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Títí di nǹkan bí ọdún 2010, okùn abẹ́ òkun kan ṣoṣo tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá láti òkè òkun, SAT-3, ló wọ Nàìjíríà, ọwọ́ NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ló sì wà. Lẹ́yìn náà ni okùn Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Íntánẹ́ẹ̀tì ò wọ́n létí òkun mọ́. Láti etí òkun dé orí tábìlì àǹtí mi ni ọ̀rọ̀ ti le: ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ri fáíbà, okùn onígíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, máa san owó fún ìjọba lórí mítà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ṣe títì á sì tún wá já okùn náà. Abájọ tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ sá lọ sí Lẹ́kí àti Ìkòyí.

Kò sí fáíbà ní òpópónà wọn. Mo wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtòsí, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo bí tiwọn ṣe ń yá sí. Lọ́sàn-án, ráútà onísíìmù ń sáré dáadáa. Mo padà lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé tí wọ́n ń wo fídíò: agbára káká ni ojú ewé kan fi ń ṣí. Gbogbo síìmù tó wà lábẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ló ń gbọn omi nínú kànga kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ ra íntánẹ́ẹ̀tì, alẹ́ ni kí ẹ dán an wò.

Starlink, tó ń ti ojú sánmà ta íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Sátẹ́láìtì rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí 550 kìlómítà lọ, ti VSAT, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì tí àwọn káfè ń lò láyé ọjọ́sí sì wà ní nǹkan bí 36,000, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pẹ́ kó tó dé nígbà náà. Nígbà tí mo dárúkọ iye owó àwo Starlink, àǹtí mi ní, "Ṣé ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà ni?"

Ó wá ku iléeṣẹ́ kékeré kan tó ní òpó nínú ìlú, tó ń fi rédíò 5 GHz ta íntánẹ́ẹ̀tì dé orí ilé èèyàn. Mo gun òrùlé láti wò ó bóyá mo máa rí òpó náà. Mo rí i, àmọ́ orí igi máńgòrò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀nà. Kí ojú rí òpó nìkan ò tó, nítorí ìgbì rédíò máa ń fẹ̀ láàárín ọ̀nà, ewé tútù sì máa ń gbé e mì. A fi páìpù onírin gbé rédíò náà ga sí i. Mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àǹtí mi ń ka nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì náà ṣe lágbára tó fún mi láti ìsàlẹ̀: -79, -72, títí ó fi dé -61. Bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ń dára sí i. Ibẹ̀ ni mo ti dè é pa.

Wáyà tí ó jẹ́ kọ́pà látòkèdélẹ̀ ni mo lò. Èyí tí wọ́n fi kọ́pà bo alumíníọ̀mù lójú wọ́pọ̀ lọ́jà, àmọ́ inú wáyà yẹn kan náà ni iná rédíò ń gbà, kì í pẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Kí wáyà tó wọ inú ilé, mo jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè kán síta. Mo tún ri wáyà kan mọ́lẹ̀ nítorí àrá.

Bátìrì kékeré ń gbé rédíò àti ráútà nígbà tí NEPA bá mú iná. Mo bi àwọn oníléeṣẹ́ pé kí ló ń gbé òpó tiwọn. Wọ́n ní sólà. Mo tún bi wọ́n nípa okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń gbà, torí ní March 14, 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ìṣòro sì dé bá báńkì l'ókè l'ódò. Wọ́n ní okùn méjì ni wọ́n ń gbà. Mo ṣì fi ráútà onísíìmù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú ráútà, mo ya ti kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sọ́tọ̀, mo sì fi ìwọ̀n sí ti Wi-Fi àwọn oníbàárà tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Àǹtí mi ní mo láhun. Ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ń lọ láìdúró nígbà tí àwọn ọmọ ń wo TikTok lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n tó dákẹ́.

Igi máńgòrò yẹn ló kù. Ẹni tó ni ín ní òun ò ní gé e, ó sì ń ga sí i. A óò tún fi páìpù lé páìpù ni.