Itan tó ń ro mí lórí òkè: ohun tó bá mi yanjú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù olókè, kìlómítà 42.195, gígùn òkè kọ́ ló ń pa itan o, sísọ̀kalẹ̀ ni, torí iṣan iwájú itan ló ń ṣe bíréékì. Èmi tí mò ń gbé n'Iléṣà, ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti ń kọ́ ẹ láàárọ̀: mo á rọra sáré sọ̀kalẹ̀, ìṣísẹ̀ kéékèèké, mi ò ní fara sẹ́yìn, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ọlọ́kadà kan tiẹ̀ bi mí pé "bọ̀ọ̀dá, ta ló ń lé yín?" Èyí tó bá ga jù, mo á fẹsẹ̀ rìn ín, kò sí ìtìjú ńbẹ̀ jàre. Lọ́jọ́ eré, itan ò dá mi dúró títí mo fi parí.